Wọ́n gba ipò kìíní lọ́wọ́ ọmọ mi: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn gbún ọkọ̀ iwájú nínú eré ìje?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. North Carolina là ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, máa ń wa ọkọ̀ ìje ní pápá kékeré kan nítòsí wa lálaalẹ́ Sátidé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní kọ́nà tó kẹ́yìn, ó gbún ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ nídìí. Onítọ̀hún pòyì, ọmọ mi sì ṣe ipò kìíní. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tò ó sẹ́yìn, wọ́n tún ní kó má wá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bẹ́ẹ̀ a ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ Sunday tí àwọn àgbà awakọ̀ ń ṣe é, tí wọ́n sì ń gba ife. Lóòótọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti ju àsíá ìparí, ó tún sún mọ́ ọmọ yẹn, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbá a díẹ̀, ṣùgbọ́n eré ti parí nígbà yẹn. Ṣé a lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn? – Ìyá Awakọ̀

Ìdáhùn: Ìyá Awakọ̀, ẹ kú ìnáwó o. Mo mọ ohun tí táyà mẹ́rin ń náni, ká má tíì dárúkọ bọ́ńpà tó ń já lóṣooṣù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó sí yàrá àwọn adarí eré ní irú àwọn pápá bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo máa ń sọ ọ́ lórí rédíò pé kí ẹni báyìí lọ tò sẹ́yìn, nítorí náà mo mọ ohun tí àwọn tó dá ẹjọ́ ọmọ yín ń wò.

Gbólóhùn tí ẹ fi "lóòótọ́" bẹ̀rẹ̀, tí ẹ fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn wà. Màá padà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti kọ́nà.

Kéèyàn kan ọkọ̀ ẹlòmíì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú irú eré yìí. Ọkọ̀ wọn wúwo, pápá kéékèèké wọ̀nyí kì í sábà ju ìdajì máìlì lọ, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì sábà ń dára níbẹ̀, èyí tó wà ní inú. Bí ẹni iwájú bá gba inú yẹn, tí kò sì yá tó ẹni ẹ̀yìn, ẹni ẹ̀yìn á fi bọ́ńpà gbún un díẹ̀ láàárín ìdí. Ọkọ̀ náà á yọ̀ lọ sí ìta, ẹni ẹ̀yìn á gba inú kọjá. Ẹni tí wọ́n gbún á ṣì máa sáré lọ, inú á kàn máa bí i ni. Èmi ò ní pe ẹnikẹ́ni nítorí ìyẹn. Kódà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí irú eré yìí dé lọ́dún 1954, bọ́ńpà irin ràgàjì ló wà níwájú àti lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní BriSCA Formula 1, òfin wọn sì gbà kéèyàn ti ẹni iwájú kúrò lọ́nà. Ká ní ibẹ̀ ni ọmọ yín ti ń sáré ni, ẹ ò bá má kọ̀wé sí mi.

Níbi tí ẹ wà, bó ṣe gbún un la máa ń wò. Tí wọ́n bá gbé fídíò síwájú mi, mo máa ń kọ́kọ́ wo ibi tí ẹni ẹ̀yìn ti ń bọ̀. Ẹni tó ti rọ̀ mọ́ ìdí ẹni iwájú láti ìyípo mẹ́ta sẹ́yìn, tó wá kàn án ní kọ́nà, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó jìnnà tó ọkọ̀ mẹ́rin, tó kọ̀ láti tẹ bíréèkì, tó wá fi ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ dá ara rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà, ṣé ọkọ̀ tí wọ́n gbún ṣì ń lọ? Bó bá pòyì, ó kéré tán, ẹni tó gbún un á lọ sẹ́yìn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín nìyẹn, ó sì tọ́ lójú mi.

Ìbéèrè tó tún wúwo jù ni pé igun wo ló gbá. Apá òsì là máa ń yí sí ní pápá wọ̀nyí, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni ògiri wà. Bí o bá gbún igun ẹ̀yìn òsì, ìdí ọkọ̀ á sá lọ sí ọ̀tún, imú á kọjú sí òsì, á pòyì lọ sórí koríko àárín pápá. Ó ń dunni, ṣùgbọ́n a sábà máa ń rìn jáde nínú rẹ̀. Bí o bá gbún igun ẹ̀yìn ọ̀tún, ìdí á ya sí òsì, imú á sì kọjú sí ògiri, lórí eré, kó tó di pé awakọ̀ ráyè yí sítíárì. Bí ọkọ̀ bá fi imú wọ ògiri báyìí, orí àti ọrùn èèyàn ló ń gba ìyà rẹ̀. Bí mo bá rí i pé igun yẹn ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbá, mi ò tún béèrè nǹkan míì mọ́.

Ẹ wá ní àwọn àgbà ń ṣe é, wọ́n ń gba ife. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Austin Dillon lẹ ní lọ́kàn. Ní Richmond, ní August ọdún 2024, ní ìyípo tó kẹ́yìn, ó kọlu Joey Logano láti ẹ̀yìn, onítọ̀hún pòyì. Kí wọ́n tó dé ìlà ìparí, ó tún gbá Denny Hamlin ní igun ẹ̀yìn ọ̀tún, ó sọ ọ́ sí ògiri. Ó gba ife lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta, NASCAR, àjọ tó ń darí eré àwọn àgbà awakọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà, ní ife yẹn ò ní mú un wọ ìpele àṣekágbá mọ́, bẹ́ẹ̀ ìdí tí gbogbo èèyàn fi ń wá ife lọ́dún náà nìyẹn. Wọ́n yọ máàkì 25 lára rẹ̀, wọ́n dá ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ láti òkè dúró, nítorí ohun tó sọ lórí rédíò. Logano náà san dọ́là 50,000 nítorí pé ó fi ìbínú yí táyà gbì-gbì-gbì níbi tí àwọn èèyàn Dillon dúró sí. Dillon pe ẹjọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ipò àṣekágbá náà ò padà. Tẹlifíṣọ̀n fi ife hàn yín lọ́jọ́ Sunday, ìdájọ́ jáde lọ́jọ́rú.

Ọwọ́ wọn ò fìgbà gbogbo le báyìí. Ní January ọdún 2010, ọ̀gá kan níbẹ̀, Robin Pemberton, ní kí àwọn awakọ̀ máa fà á láàárín ara wọn. Kò pé oṣù méjì tí Carl Edwards mọ̀ọ́mọ̀ kọlu Brad Keselowski ní Atlanta. Ọkọ̀ Keselowski fò, ó dojú dé. Ìyà Edwards ò ju pé wọ́n á máa ṣọ́ ọ fún eré mẹ́ta. Mo ṣì ń bínú sí ìdájọ́ yẹn títí dòní. Lọ́dún 2012, Jeff Gordon san dọ́là 100,000, ó sì pàdánù máàkì 25, nítorí pé ó kọlu Clint Bowyer ní Phoenix. Lọ́dún 2015, wọ́n bọ́ sórí ohun tó ń dun awakọ̀ ju owó lọ. Matt Kenseth, tí wọ́n ti fi ìyípo mẹ́sàn-án ṣáájú, lọ gbá Logano tó wà níwájú gbogbo wọn sí ògiri ní Martinsville, láti gbẹ̀san ohun tí Logano ṣe fún un ní Kansas. Wọ́n ní kó jókòó sílé fún eré méjì.

Lọ́dún 2022, ọkọ̀ tuntun dé. Ìdí rẹ̀ le ju ti àtijọ́ lọ, ìkọlù sì ń wọ ara awakọ̀. Kurt Busch forí gbá ní Pocono lóṣù July, kò padà sí eré bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Nínú ọdún yẹn kan náà ni Bubba Wallace gbá Kyle Larson ní igun ẹ̀yìn ọ̀tún ní Las Vegas. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wa tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ló ń wo eré yìí nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n eré kan tí wọ́n dá a dúró tọ́ sí i. Chase Elliott, tó jẹ́ ààyò èrò ìwòran, ṣe irú rẹ̀ fún Hamlin ní Charlotte ní May ọdún 2023, wọ́n dá òun náà dúró fún eré kan.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí "lóòótọ́" yín. Bí eré bá ń lọ, adarí lè ṣiyèméjì: bóyá táyà rẹ̀ ti gbó, bóyá ẹni iwájú tètè tẹ bíréèkì. Lábẹ́ àsíá yẹ́lò, tí wọ́n fi ń ní kí gbogbo ọkọ̀ rọra máa lọ nítorí ewu, tàbí lẹ́yìn àsíá ìparí, kò sí ipò tí ẹnikẹ́ni ń lé mọ́. Bí o bá gbá èèyàn nígbà yẹn, ìbínú nìkan ló kù. Ní Texas lọ́dún 2011, àsíá yẹ́lò ti jáde kí Kyle Busch tó ti Ron Hornaday wọ ògiri nínú eré àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Wọn ò jẹ́ kó wa ọkọ̀ kankan mọ́ títí òpin ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí, bẹ́ẹ̀ eré ńlá méjì ṣì ń dúró dè é. Ó tún san dọ́là 50,000. Lójú mi, gbígbá kejì yẹn ni wọ́n fi fún ọmọ yín ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn òṣìṣẹ́ wa sábà máa ń ti wọ pápá nígbà yẹn, awakọ̀ míì á sì ti tú bẹ́líìtì.

Ní ti kòtẹ́milọ́rùn: ní NASCAR pàápàá, ìyà tí wọ́n bá fi jẹ awakọ̀ nígbà tí eré ń lọ kò ní ẹjọ́. Èyí tó bá jáde láàárín ọ̀sẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta lè gbọ́. Ní ọ̀pọ̀ pápá kéékèèké, ọ̀rọ̀ adarí eré labẹ gé lórí ìwà awakọ̀. Ẹ wo ìwé òfin pápá yín. Bí àyè ẹjọ́ bá wà, ó ṣeé ṣe kó ní gbèdéke ọjọ́ àti owó tí ẹ máa kọ́kọ́ san.

Èmi ò ní pe ẹjọ́ lórí ipò kìíní. Màá lọ bá adarí eré láàárín ọ̀sẹ̀, kì í ṣe lálẹ́ Sátidé tí orí gbogbo èèyàn ń gbóná, kí ọmọ náà sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ṣe àṣìṣe lẹ́yìn àsíá. Bí kámẹ́rà bá wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, kó mú fídíò náà dání, kó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kù sí ọ̀kan. Mo ti gba irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Títí dìgbà náà, kó má kọ ohunkóhun sí Facebook. Ní March ọdún 2023, Hamlin jókòó sídìí ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ti Ross Chastain sí ògiri ní Phoenix. Ẹnu ara rẹ̀ ná an ní dọ́là 50,000 àti máàkì 25. Bàbá ọmọ náà kò sì gbọ́dọ̀ yọjú sí ibi tí àwọn ti ọmọ kejì ń tún ọkọ̀ ṣe, torí pé awakọ̀ ló sábà ń jìyà ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ bá ṣe. Ẹ tún kìlọ̀ fún un pé, bí inú bá tiẹ̀ ń bí i bí iná, kó má ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lórí pápá àyàfi tí ọkọ̀ bá ń jó. Ní August ọdún 2014, ní Canandaigua ní ìpínlẹ̀ New York, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Kevin Ward, sọ̀ kalẹ̀ láti lọ bá ẹni tó rò pé ó ṣẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ gbá a, ó kú. Ẹni 20 ọdún ni.

Ẹ béèrè ohun tó bàjẹ́ lára ọkọ̀ ọmọ kejì. Bó bá jẹ́ bọ́ńpà ni, ẹ ra bọ́ńpà náà fún un, kí ọmọ yín gbé e lọ fúnra rẹ̀.