Kí ẹ tó fi lẹ́tà A yan háískúù fọ́mọ: èsì mi fún Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó kúrò ní Alief lọ sí Fort Bend, níbí ní agbègbè Houston ní Texas, kí àwọn ìbejì tó wà ní kíláàsì 7 báyìí tó wọ háískúù (kíláàsì 9 sí 12), ilé méjì lẹ sì rí. Ọ̀kan wà lábẹ́ háískúù tí ìjọba Texas fún ní A, nínú lẹ́tà A dé F tí wọ́n fi ń díwọ̀n ilé-ìwé, tí ọmọ dúdú kò pọ̀ níbẹ̀. Èkejì wà lábẹ́ èyí tó gba B, tí ọmọ Áfíríkà, ọmọ Íńdíà, ọmọ Mẹ́síkò àti òyìnbó jọ wà níbẹ̀. Ẹ ní èwo ni kí ẹ mú. Ọmọ mi méjì ti jáde ní háískúù ìjọba ní agbègbè yìí, ìkẹta ṣì wà níbẹ̀, ojú mi sì ti rí nǹkan.

Lẹ́tà yẹn kò lè sọ ohun tí wọ́n máa kọ́ ọmọ yín. Ó pa máàkì ọmọ dókítà tó ti ń gba lẹ́sìn láti kékeré pọ̀ mọ́ ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru, ó wá fi lẹ́tà kan ṣoṣo ṣojú gbogbo wọn. Níbi tí ilé bá ti wọ́n, àwọn òbí tó rí já jẹ ló ń gbé ibẹ̀, ọmọ wọn sì ti mọ̀wé kó tó dé kíláàsì 9. Ilé-ìwé kọ́ ló ṣe gbogbo ẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ wá ni ìlà tí ọmọ tiyín máa bọ́ sí.

Ẹ lọ sórí wẹ́ẹ́bù Texas Education Agency, ẹ wá ìwé tí wọ́n ń pè ní TAPR. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé e jáde fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Ó to èsì STAAR, ìdánwò ìjọba Texas, lẹ́sẹẹsẹ: ti ọmọ dúdú lọ́tọ̀, ti Hispanic (bí ọmọ Mẹ́síkò) lọ́tọ̀, ti òyìnbó àti ti Éṣíà lọ́tọ̀, títí kan tàwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ó rí Approaches, Meets àti Masters. Approaches ni wọ́n kà sí pípàsì, òun làwọn ilé-ìwé sì fẹ́ràn láti fi yangàn. Ẹ fò ó kọjá. Meets, ti ọmọ tó kún ojú ìwọ̀n kíláàsì rẹ̀, ni kí ẹ wò, kí ẹ sì tún wo Masters, ti ẹni tó mọ̀ ọ́n dunjú, dáadáa.

Ẹ ṣọ́ra fún Algebra I (ìṣirò áljẹ́brà ìpele kìíní) o. Ó wà lára ìdánwò márùn-ún tí wọ́n ń ṣe ní háískúù, máàkì rẹ̀ sì lè rẹlẹ̀ débi tí ẹ̀rù á bà yín, bí ilé-ìwé ọ̀hún tilẹ̀ dáa. Ìdí ni pé àwọn tó mọ ìṣirò ti ṣe é ní kíláàsì 8, máàkì wọn sì jókòó sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ṣe é. Àwọn tó kù ló ń ṣe é ní kíláàsì 9. Torí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi wọ́n ni pé: mélòó nínú ọmọ tó ń wọlé sí kíláàsì 9 ló ti ṣe Algebra I tán, mélòó nínú wọn ló sì jẹ́ ọmọ dúdú?

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti kàn mí. Àkọ́bí mi obìnrin gba Masters nínú ìṣirò kíláàsì 5. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò tuntun nígbà náà, ilé-ìwé lẹ́tà A. Nígbà tí ìwé kíláàsì 6 rẹ̀ dé, ìṣirò gbogboogbò ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo lọ bá kánsẹ́lọ̀, ẹni tó ń yan kíláàsì fọ́mọ, mo tẹ́ èsì ìdánwò sórí tábìlì rẹ̀, mo fìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ Masters. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí ọmọ kọ́kọ́ mojú ilẹ̀ ná. Mo bi í bóyá àwọn ọmọ yòókù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà ń mojú ilẹ̀. Kò dá mi lóhùn.

Ìṣirò kíláàsì 6 kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọmọ tí kò bá sí lára àwọn tó ń sáré níbẹ̀, tí ìṣirò wọn ga ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ, kì í sábà ṣe Algebra I ní kíláàsì 8. Bí kò bá ṣe é ní kíláàsì 8, ó ṣòro kó dé Calculus, ìṣirò gíga tí wọ́n ń ṣe ní ìparí háískúù, kó tó jáde. Calculus yẹn sì ṣe pàtàkì fún ọmọ tó bá fẹ́ kà nípa ẹnjiníà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń pínnà fún, òbí kò sì mọ̀!

Òfin Texas kan ló yọ wá. Ó fún ọmọ láyè láti ṣe ìdánwò fo kíláàsì kan láìjókòó nínú rẹ̀, credit by exam ni wọ́n ń pè é. Bó bá gba 80 nínú 100, díṣíríìkì (àjọ tó ń darí ilé-ìwé agbègbè) gbọ́dọ̀ gbà á fún un, ọ̀fẹ́ sì ni bó bá ṣe é lásìkò tí wọ́n yàn. Gbogbo họlidé ẹ̀ẹ̀rùn lọmọ mi fi ṣe ìṣirò lórí tábìlì oúnjẹ, ìyá rẹ̀ ń dín dòdò, èmi ń máàkì. Ó yege. Láti 2023, òfin SB 2124 ti ní kí díṣíríìkì máa fi ọmọ tó bá wà lára ìdá 40 nínú 100 tó ṣe dáadáa jù nínú ìṣirò kíláàsì 5 sínú ìṣirò àwọn tó ń sáré ní kíláàsì 6, láìdúró de òbí. Síbẹ̀, ọmọ tó kó wá láti díṣíríìkì mìíràn lè tètè bọ́ sáàárín ìwé. Ẹ ṣọ́ wọn.

TAPR kò ní fi ẹni tó jókòó sí kíláàsì Calculus hàn yín. Civil Rights Data Collection ti ilé-iṣẹ́ ètò-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ló ní ìyẹn. Ẹ tẹ orúkọ ilé-ìwé, ẹ ó rí iye ọmọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tó wà nínú Calculus àti nínú AP (kíláàsì háískúù tó jẹ́ ti ìpele yunifásítì), àti iye tí wọ́n lé lọ sílé fún ìjìyà. Ẹ fi wé iye ọmọ dúdú tó wà ní gbogbo ilé-ìwé náà.

Àwọn ará wa kan á ní máàkì tó rẹlẹ̀ ní ìlà ọmọ dúdú kì í ṣe ti ọmọ Nàìjíríà, pé tàwọn ọmọ dúdú ilẹ̀ yìí ni. Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn pátápátá. Fọ́ọ̀mù kò mọ ọmọ Ìjẹ̀bú yàtọ̀ sí ọmọ Alabama, àpótí kan náà la jọ ń máàkì. Ibi tí wọ́n bá ti ń fojú kéré ọmọ tiwọn, wọn ò ní fojú ńlá wo tiwa.

Ìlà kan ṣì wà tí mo fẹ́ràn, ti ọmọ tówó ilé wọn kò pọ̀, tó ń gba oúnjẹ ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní ẹ̀dínwó. Bí ìlà yìí bá ń gba Meets dáadáa, ẹ mọ̀ pé olùkọ́ ibẹ̀ ló ń kọ́ ọmọ, kì í ṣe owó òbí.

Ẹ wá ro ti ipò ọmọ nínú kíláàsì mọ́ ọn. Láti 1997 ni òfin ti ní kí yunifásítì ìjọba Texas gba ọmọ tó bá wà lára ìdá 10 nínú 100 tó wà lókè nínú kíláàsì rẹ̀. Yunifásítì UT Austin ti dín tiwọn kù sí 6 nínú 100, ó sì di 5 fáwọn tó ń wọlé láti 2026. Bí ọmọ 600 bá wà ní kíláàsì 12, ọmọ 30 péré nìyẹn. Àkọ́bí mi ń gba 4 àti 5 nínú ìdánwò AP, tí 5 ga jù níbẹ̀, ní ilé-ìwé lẹ́tà A yẹn, síbẹ̀ kò bọ́ sáàárín àwọn tí UT ń fẹ́. Texas A&M ló gbà á, ìdá 10 ṣì ni tiwọn. Nígbà tó kan àbúrò rẹ̀, díṣíríìkì ti tún ààlà pín, ló bá bọ́ sí ilé-ìwé B láìjẹ́ pé a kó kúrò nílé. Ọmọ Yorùbá, ọmọ Igbo àti ọmọ Gánà ló bá nínú Calculus. Kì í ṣe òun nìkan lọmọ dúdú tí gbogbo ojú ń wò, wọ́n jọ ń kàwé ni, ipò rẹ̀ sì ga ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ èmi, ilé kejì ni mo máa mú, bí ẹ bá ti rí i pé ọmọ dúdú ibẹ̀ ń dé inú Calculus lóòótọ́. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilé, ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì náà gan-an béèrè lọ́wọ́ díṣíríìkì, ilé méjì ní ẹ́síteètì kan náà lè bọ́ sí háískúù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ti àwọn ìbejì kò sì gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀rọ̀ ilé. Kíláàsì 7 ni wọ́n wà, ẹ kọ̀wé sí kánsẹ́lọ̀ wọn ní Alief lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ bi í bóyá Algebra I wà lórí ìwé kíláàsì 8 wọn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ bi í ní ọjọ́ tí ìdánwò fífo kíláàsì máa wáyé.