Laptop Màmá ò gbé Wi-Fi mọ́? Ẹ má tíì ra káàdì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àjò o. Ẹ ní wọ́n gbé Windows 11 sórí laptop Màmá ní Ìgbógbó, pé láti ọjọ́ náà Wi-Fi ò gbé, ohùn ò jáde, ọ̀gá tó bá wọn ṣe é sì ń bèèrè owó káàdì Wi-Fi, ìyẹn ẹ̀yà inú laptop tó ń gba Wi-Fi. Ẹ fọwọ́ mú owó yín ná.

Wi-Fi àti ohùn ò jọ gbé yàrá kan nínú ẹ̀rọ. Kí ló máa pa méjèèjì lọ́jọ́ kan náà? Ohun tó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀, tó dákẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ Windows, driver ẹ̀ ló sábà máa ń sọnù. Kì í ṣe dírẹ́bà dánfó o: ètò pẹ́ńpẹ́ tó ń bá Windows túmọ̀ èdè ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ni. Ẹnìkan ti ta irú káàdì yẹn fún èmi náà rí ní Sábó. Mo gbé e délé, ibi pẹlẹbẹ náà lọ̀bẹ ń fi lélẹ̀.

Ẹ pe àbúrò yín lórí fídíò WhatsApp nígbà tí iná bá wà. Kó fi okùn so fóònù Android ẹ̀ mọ́ laptop. Okùn yìí ló máa ń dààmú èèyàn: òmíràn nínú èyí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, iná nìkan ló ń gbé, kò gbé dátà. Tí fóònù bá ń ṣáájì ṣùgbọ́n tí USB tethering (ibi tí wọ́n ń tẹ̀ nínú Settings fóònù kó lè fún kọ̀ǹpútà ní íntánẹ́ẹ̀tì) ò ṣeé tẹ̀, okùn ni kó pààrọ̀. Tó bá ti tan USB tethering, íntánẹ́ẹ̀tì wọ kọ̀ǹpútà láìsí Wi-Fi nìyẹn. Kó lọ sí Settings, Windows Update, Advanced options, Optional updates. Driver tó bá bá níbẹ̀, kó fi sí i, kó pa ẹ̀rọ, kó tún un tàn. Ẹ ra dátà tó pọ̀ fún un látọ̀hún, torí Windows fúnra ẹ̀ á mu nínú ẹ̀.

Tí kò bá rí nǹkan kan, kó tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú X, kó mú Device Manager. Èyí tí àmì ìyanu aláwọ̀ ìyeyè wà lára ẹ̀ ni aláìsàn wa. Properties, Details, Hardware Ids, kó wá dojú kámẹ́rà kọ ọ́. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀yà náà: VEN_8086, Intel ni, VEN_10EC, Realtek, VEN_14E4, Broadcom. Nọ́ńbà tó wà nídìí laptop lẹ máa fi wá driver lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe laptop náà, kẹ́ ẹ fi líǹkì ránṣẹ́. Àwọn ètò tó ní àwọn á bá yín wá gbogbo driver lẹ́ẹ̀kan, èmi ò fọkàn tán wọn. Tí BIOS (ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé) bá wà lára ohun tẹ́ ẹ rí lórí ìkànnì yẹn, kó fi í sílẹ̀ àfi tí bátìrì bá kún. Ẹ ṣáà mọ NEPA wa.

Kẹ́ ẹ tó gbà pé káàdì kú, kó fi Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, sórí flash, kó tan laptop láti orí ẹ̀ láìfi sínú ẹ̀rọ. Tí Wi-Fi bá gbé níbẹ̀, ara káàdì le. Tí kò bá gbé, tó sì jẹ́ Broadcom, ẹjọ́ ò tíì parí, torí Mint náà máa ń wá driver fún òmíràn nínú wọn. Tó bá jẹ́ Intel tí kò gbé níbi méjèèjì, kó gbé e lọ sí Sábó, kó sì jókòó tì wọ́n bí wọ́n ṣe ń tú u.