Èyí Tí Mo Tà Ni N Kò Lè Gbàgbé

Àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gìtá báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ béèrè pé, nínú gbogbo gìtá báàsì tó ti gba ọwọ́ àwa àgbà kọjá, èwo ni a kò lè gbàgbé, àti pé èwo ni kí òun, tí owó òun kò tó nǹkan, fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní òde ìnáwó, àti lẹ́yìn àwọn olórin jùjú tí wọ́n máa ń kó ẹgbẹ́ wọn láti Ìbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta ní òru ọjọ́ Ẹtì. Gìtá márùn-ún ni mo ti ní tí mo lè pè ní tèmi. Èyí tó wọ́n jù nínú wọn kọ́ ni mo ń rántí jù, èyí tó rẹwà jù náà sì kọ́. Èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi tà ni, n ó sì sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti èyí tó jẹ ìka mi níyà.

Gìtá àkọ́kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ló fún mi nígbà tí wọ́n ra tuntun. Okùn mẹ́ta ló kù lára rẹ̀ nínú mẹ́rin. G, èyí tó tín-ín-rín jù, ti já tipẹ́. Àwọn tó kù ga sókè lórí ọrùn gìtá tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè ti ìka bọ abẹ́ wọn láìfara kan igi. Ìka mi bó, ó wú, ó tún bó, kí ó tó yi. Okùn tuntun ju agbára mi lọ, nítorí náà mo ṣe ohun tí onígìtá báàsì tí kò lówó ń ṣe: mo se okùn. Okùn báàsì kì í ṣe wáyà kan ṣoṣo. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n yí mọ́ èyí tó wà ní àárín, òógùn àti ọ̀rá ọwọ́ a sì máa wọ inú àlàfo wọn, títí ohùn yóò fi dà bí ẹni ń lu páálí. Bí ẹ bá sè é nínú omi tó ń hó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí ẹ nù ún gbẹ dáadáa kí ó má baà dípẹtà, ohùn yóò padà fún ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀. Ìyá mi ṣí ìkòkò tó fi ń se ẹ̀kọ lọ́jọ́ kan, ó rí okùn irin mẹ́ta tí wọ́n ká jọ bí ejò nínú omi tó ti pọ́n, ó sì bi mí bóyá oògùn ni mo ń sè nínú ilé òun. Láti ọjọ́ náà lọ, agolo mílíìkì ńlá ni mo ń lò.

Mi ò kábàámọ̀ gìtá yẹn rárá. Ẹni tí okùn mẹ́ta péré wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní àyè eré àṣehàn. Ó ní láti mọ ibi tí orin dúró sí, kí ó sì dúró síbẹ̀.

Èkejì ni èyí tí mo ń wí. Tòkunbọ̀ ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Precision. Kì í ṣe ojúlówó ti ilé-iṣẹ́ Fender; àfarawé ni, orúkọ tó wà ní orí rẹ̀ sì ti họ dànù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo rà á ní Èkó lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù tó ti inú kọ̀nténà jáde, láàárín fíríìjì àti kẹ̀kẹ́ ọmọdé, ó sì wúwo bí ọmọ odó. Leo Fender ló gbé irú gìtá yìí jáde ní California ní ọdún 1951. Kí ó tó di ìgbà náà, báàsì ńlá onígi tó ga ju ènìyàn lọ ni àwọn olórin máa ń gbé kiri, kò ní fúrẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, etí nìkan ni wọ́n sì fi ń wá ibi tí ohùn wà. Fúrẹ́ẹ̀tì tí Fender fi sí i ló mú kí ohùn máa gún régé, ibẹ̀ náà sì ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Gígùn okùn láti orí dé ìdí jẹ́ íǹṣì 34, ìwọ̀n kan náà tí èyí tó pọ̀ jù nínú báàsì ń lò títí di òní.

Ní ọdún 1957 ni wọ́n pín píkọ́ọ̀pù rẹ̀ sí méjì, ìyẹn ẹ̀rọ mágnẹ́ẹ̀tì tó ń gbọ́ ìró okùn. Apá kan ń gbọ́ okùn méjì tó nípọn, apá kejì ń gbọ́ méjì tó tín-ín-rín, wọ́n sì tò wọ́n lọ́nà tí ariwo iná tí àwọn méjèèjì bá jọ gbà yóò fi pa ara rẹ̀. Ẹni tó ń gbé níbi tí iná kò ti í lọ lè máà ka èyí sí. Ní òde ìnáwó tiwa, jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń gbé gílóòbù tó wà lábẹ́ àtíbàbà, fíríìsà ẹni tó ń mú ọtí tutù, àti áńpù olórin pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní irú gìtá báàsì mìíràn tí wọ́n ń pè ní Jazz, tó ní píkọ́ọ̀pù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró lọ́tọ̀. Bí ó bá ṣí méjèèjì tán, ariwo a dákẹ́, ṣùgbọ́n gbàrà tó bá ti yí ọ̀kan wálẹ̀ láti wá ohùn tó fẹ́, hùùù, bí ẹ̀rọ ọlọ. Tèmi kì í sọ nǹkan kan.

Ìyẹn nìkan kọ́ ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Nínú orin tiwa, ìlù ló ń sọ̀rọ̀. Bí gángan bá ń ki baba olóde, tí báàsì ń sá sókè sá sódò láàárín ohùn rẹ̀, a kì í gbọ́ oríkì mọ́. Bọ́tìnì méjì péré ló wà lára gìtá mi, ọ̀kan fún bí ohùn yóò ṣe ké tó, ọ̀kan fún bí yóò ṣe dán tó. Mo máa ń yí ìkejì wálẹ̀ dé ìdajì, ohùn rẹ̀ yóò sì jókòó sí abẹ́ ìlù bí ẹní tí wọ́n ti tẹ́ sílẹ̀ kí àlejò tó dé. Mi ò sì í pààrọ̀ okùn rẹ̀ bí kò bá já, nítorí okùn tó ti gbó ló ń fún mi ní ohùn yẹn. James Jamerson, tó ta báàsì nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ilé-iṣẹ́ àwo orin Motown ní Detroit, Amẹ́ríkà, Precision ti ọdún 1962 ni òun náà lò, ìka kan ṣoṣo ní ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ta á, kì í sì í fẹ́ pààrọ̀ okùn. Wọ́n jí gìtá náà gbé kí ó tó kú ní ọdún 1983. Èmi, wọn kò jí tèmi.

Ọdún kan wà tí ọyẹ́ mú gan-an. Mo mú gìtá náà lọ́wọ́ ní àárọ̀, mo ṣàdédé rí ẹ̀jẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Igi ọrùn rẹ̀ ti gbẹ, ó ti sún kì, ṣùgbọ́n irin kì í sún kì bí igi, nítorí náà orí àwọn fúrẹ́ẹ̀tì ti yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn bí eyín ayùn. Mo fi fáìlì rà wọ́n díẹ̀díẹ̀, mo fi epo pa igi náà. Ọrùn fúnra rẹ̀ tún ti tẹ̀ sẹ́yìn, okùn sì ń gbọ̀n lára irin. Irin gígùn kan wà nínú ọrùn gìtá tó ń bá okùn fa agbára. Mo dẹ̀ ẹ́ ní ìdá mẹ́rin ìyíká kan, mo gbé e kalẹ̀, mi ò sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Sùúrù yẹn ni àwọn kan kò ní. Mo mọ atúngìtáṣe kan tó fi agbára yí ti oníbàárà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, irin náà sì kán sínú ọrùn. Gìtá dára, ọrùn ti kú.

Kí ló wá dé tí mo fi tà á? Àṣà ni. Gbogbo àwọn tó ń ta báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá ti ń gbé olókùn márùn-ún àti olókùn mẹ́fà, olórí ẹgbẹ́ wa sì sọ níwájú gbogbo ènìyàn pé olókùn mẹ́rin ti di ti bàbá àgbà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo ta gìtá náà, kì í ṣe títa ti orin o, títà ti ọjà, fún ọmọkùnrin kan láti Ṣàgámù, mo fi owó èsúsú kún un, mo sì ra olókùn márùn-ún.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó wúlò. Okùn E ti gìtá olókùn mẹ́rin, èyí tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, ń gbọ̀n ní ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. B ti okùn karùn-ún ń gbọ̀n ní ìgbà 31, ohùn rẹ̀ sì tún lọ sílẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń dárin kì í bèèrè ibi tí ó rọ̀ yín lọ́rùn; ibi tí Ẹ̀mí bá ti bà lé e ni yóò ti gbé e. Bí ó bá gbé orin ní ohùn D, D ìsàlẹ̀, tí olókùn mẹ́rin kò ní, wà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n áńpù kékeré kì í lè gbé B náà jáde, gbígbọ̀n nìkan ni yóò máa gbọ̀n. Mo ya sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì kan nípa bẹ́ẹ̀, owó mi ni wọ́n sì fi tún un ṣe.

Èyí tó burú jù ni ti bátìrì. Gìtá náà ń lo bátìrì 9V fún ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀, ohun tí kò sì hàn sí mi nígbà náà ni pé kò ní bọ́tìnì tí a fi ń pa á. Wáyà tí ẹ bá kì bọ̀ ọ́ ló ń tan án. Bí wáyà bá wà nínú rẹ̀ láti alẹ́ dé àárọ̀, bátìrì ń jó láti alẹ́ dé àárọ̀. Mo fi wáyà sílẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìdánrawò, mo sì gbé e lọ sí àìsùn. Ní nǹkan bí aago méjì òru, nígbà tí ìyìn gbóná tán, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya bí aṣọ, ó rọlẹ̀, ó sì kú. Onílù wò mí. Mo wo ilẹ̀. Níbo ni ènìyàn ti ń rí bátìrì 9V ní aago méjì òru? Mo rántí pé máìkì aláìníwáyà tó wà lórí àga ìwàásù, irú bátìrì yẹn ló ń lò. Mo yọ́ lọ, mo yọ ọ́, mo padà, báàsì sọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn hó. Ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà ni pásítọ̀ dìde láti wàásù, ó gbá máìkì, kò dún, ó tún gbá a. Máìkì oníwáyà ni wọ́n fún un, wáyà náà sì ń wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ní gbogbo òru yẹn. Mi ò jẹ́wọ́ títí di òní.

Ẹ̀kẹrin kò ju oṣù mẹ́ta lọ lọ́wọ́ mi. Láti ọdún 1976 tí Jaco Pastorius, olórin Amẹ́ríkà tó ń ta báàsì, ti gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ni báàsì tí kò ní fúrẹ́ẹ̀tì ti gbajúmọ̀, èmi náà sì rò pé, níwọ̀n ìgbà tí ohùn rẹ̀ ń yọ̀ bí ti gángan, yóò bá orin wa mu. Etí mi kò tó o, mo sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀.

Fún àbúrò tó béèrè: ẹ ra olókùn mẹ́rin, tòkunbọ̀, tí kò ní bátìrì, tó sì ní píkọ́ọ̀pù irú Precision. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé e sójú bí ẹni ń wo ẹnu ìbọn, kí ẹ wò ó bóyá ọrùn rẹ̀ lọ́. Ẹ tẹ okùn E mọ́lẹ̀ ní fúrẹ́ẹ̀tì kìíní àti níbi tí ọrùn ti pàdé ara. Ó yẹ kí àlàfo díẹ̀ ṣẹ́ kù ní nǹkan bí fúrẹ́ẹ̀tì keje, ìwọ̀n tí káàdì ìpè lè gbà kọjá. Bí kò bá sí àlàfo rárá, tàbí tí ó gba ẹyọ owó, ẹ bèèrè bóyá irin inú rẹ̀ ṣì ń yí. Ẹ ta fúrẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lórí okùn kọ̀ọ̀kan, kódà bí olùtajà bá ń kùn. Bí ó bá fẹ́ fi áńpù láti Amẹ́ríkà kún un fún yín, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí iná tiwọn jẹ́ 120V, tiwa jẹ́ 230V, ìṣẹ́jú kan kò sì tó kí ó tó rùn.

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, ẹ̀karùn-ún, irú Precision náà ni. Ó dára, ó fúyẹ́ ju ti àtijọ́ lọ, mi ò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, níbi òkú àgbà kan ní Abẹ́òkúta, mo gbọ́ báàsì kan láti ẹ̀yìn àtíbàbà kejì, mo sì dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Ọmọ Ṣàgámù náà ni, ó ti di bàbá, ó ti yọ ikùn. Ó fún mi ní gìtá náà kí n ta orin kan. Ojú ibi tí mo ti fi fáìlì rà á ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, okùn tí mo fi sí i fúnra mi ni mẹ́ta nínú mẹ́rin. Mo dárúkọ owó tó tó ìlọ́po mẹ́rin iye tó fún mi nígbà náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹun tán ná," ó sì gba gìtá rẹ̀ lọ́wọ́ mi.