Ìbéèrè Yín: Kí Ló Kan Ọkàn Nínú Àrùn Kòrónà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ní ọdún 2021, àrùn Kòrónà gbé bàbá mi dé ilé ìwòsàn, ọjọ́ méjìlá ni wọ́n sì lò níbẹ̀. Àyà kò fìgbà kan dùn wọ́n, síbẹ̀ ìgbà gbogbo ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n ní àwọn ń wo troponin ọkàn. Nígbà tí èsì jáde, dókítà kan pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní iye náà ga, kí a máa gbàdúrà. Bàbá wà láàyè títí di òní. Kí ni wọ́n ń wá lọ sínú ọkàn nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe wọ́n? Ṣé ọkàn wọn ti bàjẹ́ ni? Kí ló dé tí àyẹ̀wò náà fi parọ́? (Àbíkẹ́yìn Bàbá, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu bàbá o. Àyẹ̀wò náà kò parọ́, àwa tí a ń ka èsì rẹ̀ ni a máa ń gbé ọ̀rọ̀ tí kò sọ sí i lẹ́nu.

Troponin jẹ́ purotéènì tó ń bá iṣan ọkàn ṣiṣẹ́ nígbà tó bá ń sún kì. Inú iṣan náà ni ibùgbé rẹ̀, nítorí náà, bí iye rẹ̀ bá ga nínú ẹ̀jẹ̀, a jẹ́ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ọkàn kan ti fara pa, ohun inú wọn sì ti ń jò. Iye tí ẹni 99 nínú 100 tí ara wọn le kì í kọjá ni wọ́n fi ṣe ààlà. Ṣùgbọ́n àmì yìí kì í dárúkọ ẹni tó ṣe ọkàn léṣe. Nínú àrùn Kòrónà tó le, ẹ̀dọ̀fóró kò rí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó fún ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibà ń lé ọkàn eré. Ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú àwọn òpójẹ̀ kéékèèké. Ìjà tí ara ń bá àrùn náà jà sì lè ta bá ọkàn fúnra rẹ̀. Kódà, bí kíndìnrín bá dẹṣẹ́ sílẹ̀, troponin á ga. Nítorí náà, èsì tó ga kò túmọ̀ sí pé òpójẹ̀ ọkàn bàbá dí lójijì.

Kí ló wá dẹ́rù ba dókítà yín? Ní ọdún 2020, àwọn oníṣègùn ní ilé ìwòsàn Renmin ti Yunifásítì Wuhan, ní ilẹ̀ Ṣáínà, gbé àbájáde àyẹ̀wò aláìsàn 416 jáde. Àwọn 82 ni troponin wọn kọjá ààlà, 42 nínú wọn sì kú. Nínú àwọn 334 yòókù, 15 péré ló kú. Òótọ́ ni pé àwọn tí tiwọn ga dàgbà jù, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà sì pọ̀ láàárín wọn, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ro ọjọ́ orí àti àwọn àìsàn àtijọ́ mọ́ ìṣirò, àmì náà kò dákẹ́. Ìwádìí mìíràn ní Wuhan kan náà, lórí aláìsàn 187, ló yà mí lẹ́nu jù: àwọn tó ti ní àìsàn ọkàn tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí troponin wọn wà níwọ̀n, ìdá 13.3 nínú 100 ló kú. Àwọn tí kò ní àìsàn ọkàn rí ṣùgbọ́n tí tiwọn ga, ìdá 37.5. Àwọn ìkẹyìn yìí kò ju ènìyàn 16 lọ, nítorí náà n kò ní fi iye náà búra.

Ẹ padà wo àwọn 82 yẹn. Ogójì nínú wọn ló yè é. Ohun tí nọ́ńbà sọ nípa àwùjọ kò lè yan ẹnì kan ṣoṣo jáde láti inú rẹ̀, ó sì wù mí kí dókítà náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín kó tó mẹ́nu kan àdúrà.

Ìdí tí wọ́n fi ń gbà á léraléra ni pé bí iye náà ṣe ń rìn láti ọjọ́ dé ọjọ́ wúlò ju ẹyọ èsì kan lọ. Èyí tó ń gùn lójoojúmọ́ ń kìlọ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ aláìsàn náà kíkankíkan; èyí tó ga díẹ̀ tó sì dúró síbẹ̀ lè jẹ́ ti kíndìnrín tàbí ti àìsàn ọkàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún wo NT-proBNP, àmì ọkàn mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀, tó máa ń ga nígbà tí ògiri ọkàn bá ń fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. (Inú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí BNP, ìbátan rẹ̀, ní ọdún 1988, ìyẹn ni lẹ́tà B, tó dúró fún “brain”, ìyẹn ọpọlọ, ṣe wà nínú orúkọ ohun tó jẹ́ ti ọkàn.)

Ní ti bóyá ọkàn bàbá bàjẹ́, ìwé èsì 2021 kò lè dáhùn ìyẹn lónìí. Bí mímí bá ń nira fún wọn nígbà tí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn, tàbí tí ọrùn ẹsẹ̀ wọn ń wú, tàbí tí àyà wọn ń já láìnídìí, ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ọkàn, kí ẹ sì béèrè fún àyẹ̀wò àwòrán ọkàn, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tó jọ ti aboyún ṣe. Ẹ mú ìwé èsì àtijọ́ náà dání, bí ó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín.