Géèjì fáákùmù ti já wálẹ̀: ṣé kí n kàn yí regulator ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Houston ni mo wà, bàálù kékeré Cessna 172 tí wọ́n ṣe lọ́dún 1974 ni mo ń fò. Géèjì fáákùmù, tó ń wọn agbára tí pọ́ǹpù fi ń fa afẹ́fẹ́, tó máa ń wà ní 5, ti já sí 4.2 lókè. Attitude indicator (aago tó ń fi bí bàálù ṣe tẹ̀ hàn) ń pẹ́ kó tó nàró, heading indicator (aago tó ń fi ibi tí bàálù dojú kọ hàn) sì ń yẹ̀ tó 12° láàárín ìṣẹ́jú 15. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n yí regulator títí géèjì á fi gòkè. Ṣé kí n ṣe é, àbí kí n ra pọ́ǹpù tuntun?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan regulator yẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọlé kí agbára tí pọ́ǹpù fi ń fà má baà pọ̀ jù. Bí ẹ bá yí i láì mọ ibi tí agbára náà ń bá lọ, géèjì á padà sí 5, ọkàn yín á balẹ̀, àìsàn á sì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá wá dí ibi tó ń jò, agbára á pọ̀ jù fún bíárìn inú jáírò, kẹ̀kẹ́ kékeré tí afẹ́fẹ́ náà ń yí nínú aago.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé aago méjèèjì ló ń ṣe ségesège pọ̀. Ká ní ọ̀kan ni, inú aago náà ni mi ò bá máa wò. Nígbà tó jẹ́ méjèèjì, afẹ́fẹ́ tí wọ́n jọ ń lò ni kò tó. Yíyí ayé nìkan máa ń yẹ heading indicator: ní Houston, bíi 7.5° ní wákàtí kan. Ní Èkó, kò tó 2°. Fún ìṣẹ́jú 15 lọ́dọ̀ yín, kò yẹ kí tayé ju 2° lọ. 12° kì í ṣe ẹjọ́ ayé mọ́.

Kí mekáníìkì yín so géèjì mìíràn tó dájú mọ́ ọn, torí géèjì tó ti dàgbà tó yẹn lè purọ́. Kó pààrọ̀ asẹ́ ńlá tó wà lẹ́yìn páńẹ̀lì àti asẹ́ kékeré tó wà lára regulator. Asẹ́ tó dí máa ń tanni: nínú bàálù mìíràn, géèjì á máa fi 5 hàn nígbà tí jáírò ń rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tiyín ti já wálẹ̀, rọ́bà tí afẹ́fẹ́ náà ń gbà kọjá ni ọkàn mi lọ sí jù. Rọ́bà tó ti pẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì máa ń gan bí igi. Ẹ tẹ̀ ẹ́ níbi tí ìdè ti dì í mú. Bó bá ti là wẹ́wẹ́ bíi gìgísẹ̀ lásìkò ọyẹ́, ẹ ti rí olè náà.

Tí rọ́bà bá dára, kó yọ èyí tó wà lẹ́nu ibi tí pọ́ǹpù ti ń fà, kó fi ìka yẹ inú rẹ̀ wò. Tó bá bá èérún kábọ́ọ̀nù tàbí ọ́ìlì níbẹ̀, ọjọ́ pọ́ǹpù náà ti ń lọ. Ọ́ìlì jẹ́ májèlé fún irú pọ́ǹpù gbígbẹ yìí, tí kì í lo ọ́ìlì. Bí ẹ bá ra tuntun, kí wọ́n fọ gbogbo rọ́bà mọ́ tàbí kí wọ́n pààrọ̀ wọn, torí pọ́ǹpù tó fọ́ máa ń fi èérún sínú wọn, èyí tuntun á sì gbé e mì. Kí wọ́n má ṣe fẹ́ atẹ́gùn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ sínú rọ́bà nígbà tí aago ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Kí wọ́n má sì wé téèpù mọ́ ẹnu pọ́ǹpù.

Lẹ́yìn tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, ẹ má sáré sọ̀ kalẹ̀. Ẹ dákẹ́, ẹ tẹ́tí: ó yẹ kí jáírò máa kùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bó bá ń ha kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bíárìn rẹ̀ ti jẹ, ilé iṣẹ́ atúnṣe aago bàálù tó ní ìwé àṣẹ ni ẹ sì gbọ́dọ̀ gbé e lọ. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, mekáníìkì lásán kò gbọ́dọ̀ tún inú rẹ̀ ṣe.

Títí wọ́n á fi tún un ṣe, ẹ má wọ inú kùrukùru. Jáírò tí agbára ń tán lára rẹ̀ kì í ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tẹ̀, awakọ̀ a sì máa tẹ̀ tẹ̀ lé e. Turn coordinator (aago tó ń fi hàn bí bàálù bá ń yà) inú ọ̀pọ̀ 172, iná bàálù ló ń lò. Ẹ wádìí tiyín. Ẹ sì fi pálí pélébé kan sí àrọ́wọ́tó, kí ẹ lè fi bo ojú aago tó bá ti kú.