Òógùn abíyá: alẹ́ ni kó o fi roll-on yẹn ra á

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Tíṣà ni mí, ọmọ ọdún 24. Látìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì ni abíyá mi méjèèjì ti máa ń làágùn, kódà lábẹ́ fáànù. Tí mo bá gbọ́wọ́ sókè kọ nǹkan sí bọ́ọ̀dù báyìí, ṣẹ́ẹ̀tì mi ti tutù dé ìhà. Àràárọ̀ ni mò ń lo roll-on, kò ṣiṣẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Mo mọ bó ṣe ń rí, tí èèyàn á kàn máa fi apá mọ́ ìhà látàárọ̀ dalẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí rárá o, iṣan tó ń pàṣẹ fún òógùn ló ń ṣiṣẹ́ jù, ó sì máa ń wà nínú ẹbí.

Yí roll-on yẹn padà kó o ka ẹ̀yìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ deodorant nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, òórùn ló ń bá jà, kò kan òógùn. Antiperspirant ni kó o wá, èyí tó ní aluminium, òun ló ń dí ihò tí òógùn ń gbà jáde. Tíyẹn ò bá ká a, béèrè aluminium chloride 20% ní kẹ́mísì.

Àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rèé: wọ́n á wẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á fi ra abíyá tó ṣì tutù, wọ́n á wọṣọ jáde sóòrùn, òógùn á sì ti fọ̀ ọ́ dànù kó tó ríbi wọlé. Alẹ́ ni kó o fi ra á tó o bá fẹ́ sùn, òógùn kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde nígbà yẹn. Nu abíyá, fẹ́ ẹ títí á fi gbẹ dáadáa, torí tó bá kan omi, á ta ẹ́ lára gan-an, ọjọ́ tó o bá sì fá irun abíyá, má fi ra á. Tílẹ̀ bá mọ́, fọ̀ ọ́ kúrò. Ṣe é lálaalẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, tó bá ti ń gbẹ, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó.

Jọ̀ọ́, má fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, ó máa ń bó awọ, tóòrùn bá tún kàn án, ojú ibẹ̀ á dúdú.

Tí gbogbo ẹ̀ bá kọ̀, abẹ́rẹ́ Botox wà lọ́dọ̀ dókítà awọ, ó lè mú un gbẹ fún oṣù 4 sí 6, owó ẹ̀ ló pọ̀.

Tìẹ ti pẹ́, abíyá méjèèjì sì ni, ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Àmọ́ ẹni tí tiẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ lójijì, tó ń làágùn lóru tí bẹ́ẹ̀dì ń tutù, tó tún ń rù, kó má ra roll-on kankan, ọsibítù ni kó lọ, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àìsàn thyroid, ìyẹn ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn.