Ilé onímítà kan: ẹ má ka yàrá, yúníìtì ni kẹ́ ẹ kà

Àbúrò mi, o ní nínú ilé tó o ń gbé l'Ádìgbẹ̀, mítà kan ni gbogbo yín ń lò, yàrá-yàrá ni wọ́n ń pín owó káàdì dọ́gba, ìwọ tí o ò ní fíríìjì sì ń san iye tẹ́ni tó ní fírísà ń san. O bèèrè pé ṣé ó tọ́. Kò tọ́ rárá o, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ lèmi náà gbé n'Ítòkò. Ìyá ẹlẹ́ja dídì wà níbẹ̀, fírísà ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, bàbá télọ̀ kan wà ní yàrá ẹ̀yìn, gílóòbù kan àti rédíò ni tiẹ̀, iye kan náà làwọn méjèèjì ń san! Ó máa ń dùn mí. Ìyá yẹn gan-an kì í ṣèèyàn burúkú, kò sẹ́ni tó fi bí iná ṣe ń lọ hàn án ni.

Áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì, tó o bá tàn án fún wákàtí kan, yúníìtì kan ti lọ nìyẹn. Gílóòbù 10 wáàtì, àfi kó tàn fún 100 wákàtí kó tó jẹ yúníìtì kan yẹn. Torí ẹ̀ ni kíka gílóòbù láti fi pín owó ò fi dáa ju kíka yàrá lọ.

Mítà kékeré ló yanjú tiwa, sọ́ọ̀bù-mítà, oníkálùkù ra tiẹ̀, ẹlẹ́tírísíànì tò wọ́n sára pákó kan ní pásééjì. Kì í gba káàdì, ó kàn ń kà á ni. Tóṣù bá parí, èèyàn méjì á jọ ka nọ́ńbà, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á yọ toṣù tó kọjá kúrò.

Ibi tíjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí o: VAT 7.5%, ìyẹn owó orí tíjọba ń gbà lórí ọjà, wà nínú owó káàdì. Tẹ́ ẹ bá ra 10,000 náírà, bíi 698 ti lọ kó tó kan yúníìtì, tẹ́ ẹ bá wá ń fi owó yúníìtì kan tó wà lórí rìsíìtì nìkan ṣírò, owó ò ní pé, ẹni tó ra káàdì ló máa rù ú. Gbogbo owó tẹ́ ẹ san ni kẹ́ ẹ pín sí yúníìtì tó wọlé, ìyẹn ni owó yúníìtì kan tiyín. Kí wọ́n sì fi rìsíìtì hàn yín nígbàkúùgbà, torí àwọn láńlọ́ọ̀dù kan wà tó ń fowó lé e.

Àpapọ̀ mítà kékeré ò ní bá mítà ńlá dọ́gba, ẹ má tìtorí ẹ̀ jà: ẹ̀rọ tó ń fa omi àti gílóòbù ìta ló jẹ èyí tó kù, ìyẹn lẹ máa pín dọ́gba. Àmọ́ tó bá ń pọ̀ jù lóṣooṣù, ẹ pe ẹlẹ́tírísíànì kó tọpa wáyà yàrá kọ̀ọ̀kan, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ń gba ẹ̀yìn mítà ẹ̀ fa iná.



Tí àwọn yòókù bá kọ̀, wá èèyàn méjì tọ́rọ̀ náà ń dùn bíi tìẹ, kẹ́ ẹ jọ lọ bá láńlọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀. Mítà tó o bá fowó ẹ rà, tìẹ ni, ọjọ́ tó o bá ń kó jáde, ní kí wọ́n tú u fún ẹ.